Bí A Ti Ń Tún Eegun Orúnkún Tí Ó Fọ́ Ṣe

Eegun pẹlẹbẹ kékeré kan wà ní iwájú orúnkún olúkúlùkù ènìyàn. Iṣan ńlá iwájú itan so mọ́ ọn lókè. Iṣan mìíràn sì so ó mọ́ eegun ojúgun nísàlẹ̀. Òun ni ó ń ran iṣan itan lọ́wọ́ láti na ẹsẹ̀ nígbà tí a bá ń dìde, tí a bá ń gun àtẹ̀gùn, tàbí tí a bá ń gbá bọ́ọ̀lù.

Bí ènìyàn bá ṣubú tí ó fi orúnkún lulẹ̀, tàbí bí ọkọ̀ bá gbá a, eegun yìí lè fọ́. Bí ó bá sán lásán tí kò yà, tí ẹni náà sì lè gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè ní nínà, kì í sábà gba iṣẹ́ abẹ. Dókítà yóò dè é fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí ó má baà ká. Ṣùgbọ́n bí ó bá dá sí méjì, ọ̀ràn di ńlá. Iṣan itan yóò fa apá kan lọ sókè, àlàfo yóò sì wà láàrin àfọ́kù méjèèjì. Bí ó ti wù kí a di orúnkún náà láti òde tó, ó ṣòro kí wọn tó tún pàdé dáadáa.

Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ẹni tí irú èyí ṣe ni ó ń tiro títí ọjọ́ ikú. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ń bẹ̀rù láti la orúnkún, nítorí pé bí ojú ọgbẹ́ bá kẹ̀, ó lè gba ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀mí lọ́wọ́ aláìsàn. Ní oṣù October 1877, Joseph Lister dá a láṣà ní ilé ìwòsàn King's College ní London. Ó lo oògùn apakòkòrò, ó la orúnkún ọkùnrin kan, ó sì fi wáyà fàdákà so eegun náà pọ̀. Ọgbẹ́ náà kò kẹ̀. Eegun sì jinná.

Lónìí, dókítà a máa fi irin tínínrín 2 gún àfọ́kù méjèèjì pọ̀, a sì yí wáyà sí wọn níwájú bí òǹkà 8. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé nígbà tí orúnkún bá ká, agbára iṣan tí ìbá ya eegun náà ni yóò máa fún un pọ̀. Igbá tí ó fọ́ ni í gba kàsẹ́ létí.

Iṣẹ́ abẹ nìkan kò tó. Aláìsàn yóò kọ́kọ́ máa fi ọ̀pá rìn, yóò máa fún iṣan itan rẹ̀ lókun, yóò sì máa ká orúnkún díẹ̀díẹ̀ bí dókítà ti wí. Ẹni tí ó bá kánjú lè já wáyà. Ẹni tí ó bá sì bẹ̀rù ìrora jù, orúnkún rẹ̀ lè le gan-an bí igi. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ó lè gbà kí agbára ẹsẹ̀ tó padà.

Nítorí náà, bí ẹlẹgbẹ́ yín bá ṣubú tí kò lè na ẹsẹ̀ mọ́, ẹ má ṣe fà á, ẹ má sì ṣe wọ́ ọ. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbè é lẹ́yìn, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́gán.

Ìbéèrè
1. Kí ni iṣẹ́ eegun iwájú orúnkún?
2. Èé ṣe tí àwọn oníṣẹ́ abẹ àtijọ́ fi ń bẹ̀rù láti la orúnkún?
3. Ṣàlàyé ìwúlò òwe tí ó wà nínú àyọkà yìí.