Má Tíì Fọ́ọ̀mátì Ẹ̀rọ Yẹn

Ìbàdàn

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí gbogbo iṣẹ́ tí o rán sí mi lórí fóònù, pẹ̀lú àwọn àwòrán rẹ̀. O ní láti ìgbà tí o ti kúrò lórí Debian 12 bọ́ sórí Debian 13 ni pákéèjì tí o ń dì fún iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ yín ti kọ̀ jálẹ̀. O ní níbi tí o ti ń bá ìyẹn fà á, apt ń gbé kernel tuntun wọlé lọ́wọ́ ni wọ́n mú iná lọ, láptọ́ọ̀pù náà sì kú fin, torí bátìrì rẹ̀ kò gba iná dúró mọ́. Láti ìgbà náà, kò tan dé ibì kan. O wá ní ọ̀rẹ́ rẹ kan ti sọ pé kí o kàn fọ́ọ̀mátì rẹ̀, kí o tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Má tíì ṣe é.

Ẹni tó fọ́ọ̀mátì ẹ̀rọ kò tíì tún nǹkan kan ṣe. Ẹ̀rí ló nù nù. Mo ti ń bá Linux ṣiṣẹ́ láti ayé tí a ṣì ń gba CD rẹ̀ lọ́wọ́ ara wa, àwọn tí mo sì mọ̀ tí wọ́n ń fọ́ọ̀mátì ní gbogbo ìgbà, ìṣòro kan náà ni wọ́n máa ń padà bá, torí wọn kò mọ ohun tó fà á tẹ́lẹ̀. Ohun tó dára nípa irú ẹ̀rọ tí o ń lò yìí, láti ìgbà tí Ian Murdock ti dá Debian sílẹ̀ ní 1993, ni pé kò fi nǹkan kan pamọ́ fún ọ. Ibi tó bá ti dúró, á sọ ọ́. Tìrẹ ni kí o mọ ibi tó dúró sí kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ẹ̀rọ tí kò tan, nítorí láìsí ẹ̀rọ, pákéèjì wo la fẹ́ dì? Bí o bá tẹ bọ́tìnnì, ẹni mẹ́rin ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. UEFI tó wà nínú pátákó ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ jí, òun ló máa wá GRUB lọ. GRUB á gbé kernel àti initramfs sínú mẹ́mórì. Kernel á fi ohun tó wà nínú initramfs wá dísìkì rí, á ṣí i. Lẹ́yìn náà ni systemd á gba ìyókù. Ọ̀rọ̀ tí o bá rí lójú ẹ̀rọ ló máa sọ ẹni tí iṣẹ́ já mọ́ lọ́wọ́.

Bí o bá rí “grub rescue>”, GRUB ni kò rí fáìlì ara rẹ̀, kernel kò tíì dé ọ̀rọ̀ náà rárá. Bí o bá rí “(initramfs)”, kernel ti jí, ṣùgbọ́n kò rí dísìkì tí Debian wà lórí rẹ̀. Tẹ blkid síbẹ̀, tẹ cat /proc/cmdline tẹ̀lé e, kí o fi UUID tó wà lẹ́yìn root= wé èyí tí blkid kó jáde. Bí méjèèjì bá bára mu, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé dísìkì ló pẹ́ kó tó jí, fífi rootdelay=10 kún ìlà linux inú GRUB sì lè tó o. Bí blkid kò bá mú nǹkan kan jáde, dráífà tàbí dísìkì fúnra rẹ̀ ni kí o fura sí. Bí ó bá jẹ́ “You are in emergency mode” lo rí, ọ̀rọ̀ ti dé ọwọ́ systemd nìyẹn, /etc/fstab ló sì sábà máa ń fà á: ẹnìkan kọ dísìkì kan síbẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ dúró dè é fún ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀, ó wá sọ̀rètí nù. Fi nofail sí ìlà yẹn, ó parí.

Tìrẹ kì í ṣe ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ohun tó wà nínú àwòrán rẹ ni “Kernel panic - not syncing: VFS: Unable to mount root fs on unknown-block(0,0)”. Wo òdo méjì ìparí yẹn dáadáa. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kernel kò rí dísìkì kankan, àní kò tilẹ̀ mọ irú èyí tí ì bá wá. Debian kì í kó dráífà gbogbo dísìkì ayé sínú kernel, inú initramfs ló ń kó wọn sí. Bí initramfs kò bá wá dé, tàbí tó dé lábọ̀, dráífà tí kernel fẹ́ fi ṣí dísìkì á wà lórí dísìkì náà gan-an, bíi kọ́kọ́rọ́ tí a gbàgbé sínú yàrá tí a tì. Ohun tí mo rò pé ó ṣẹlẹ̀ ni pé vmlinuz tuntun, ìyẹn kernel fúnra rẹ̀, ti dé inú /boot nígbà tí iná lọ, ṣùgbọ́n initrd.img, ìyẹn initramfs, tó yẹ kó bá a rìn kò tíì délẹ̀ tán. Fáìlì tí ẹ̀rọ ní òun ti kọ lè ṣì wà nínú mẹ́mórì fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó dé orí dísìkì, ìṣẹ́jú àáyá yẹn sì ni iná mú lọ.

Nítorí náà, tan ẹ̀rọ náà. Bí GRUB bá yọjú, yan “Advanced options for Debian GNU/Linux”, kí o sì mú kernel àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀. Torí irú ọjọ́ báyìí ni Debian kì í fi í tètè yọ kernel àná kúrò. Bí ó bá wọlé, tẹ ls -lh /boot, kí o wo ìwọ̀n initrd.img méjèèjì. Ti àtijọ́ á ní mẹ́gábáìtì tó ṣe gúnmọ́. Bí ti tuntun bá jẹ́ 0, tàbí tó kéré jọjọ sí ti àtijọ́, tàbí tí kò tilẹ̀ sí, ọ̀daràn ti wọ gàù. Wo df -h /boot pẹ̀lú, torí bí /boot bá jẹ́ pátíṣọ̀n ọ̀tọ̀ tó sì ti kún dẹ́nu, kò sí iye ìgbà tí o lè tún un ṣe tí kò ní já sí òfo. Yọ kernel tó ti gbó jù kúrò ná bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n má yọ èyí tó gbé ọ wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn, tẹ ìwọ̀nyí tẹ̀lé ara wọn, kí o sì ka ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá sọ kí o tó tẹ èyí tó kàn: sudo dpkg --configure -a, sudo apt --fix-broken install, sudo update-initramfs -u -k all, sudo update-grub. Bí initrd ti kernel tuntun kò bá sí rárá, fi -c dípò -u, kí o dárúkọ kernel náà dípò all. Bí kernel àtijọ́ náà bá kọ̀ láti tan, a jẹ́ pé fláàṣì Debian live ló kù, ká fi chroot wọlé. Pè mí kí o tó débẹ̀, má dá a ṣe.

Àwọn tó ń fi àwòrán ẹlẹ́wà bo gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń sọ bó ti ń jí, mi ò fẹ́ràn àṣà wọn yìí. Tẹ lẹ́tà e lórí GRUB, wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú linux, pa quiet àti splash rẹ́, kí o tẹ Ctrl+X. Á máa rojọ́ wuuruwu lójú rẹ. Jẹ́ kó rojọ́.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ pákéèjì wá kù.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìlà ìkẹyìn lo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí mi: “dpkg-buildpackage: error: debian/rules binary subprocess returned exit status 2”. Ìlà yẹn kò sọ ju pé nǹkan kan ti bàjẹ́ níbì kan lókè. Ó tún wá lọ́jú pọ̀ nítorí pé ẹ̀rọ ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: èyí tó bàjẹ́ ti bàjẹ́, àwọn yòókù ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ, wọ́n sì ń ti àṣìṣe gidi sókè. Fi -j1 sí i kí wọ́n máa ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, fi 2>&1 | tee log.txt parí ìlà náà kí gbogbo rẹ̀ wà nínú fáìlì, kí o wá lọ sókè wá “error:” àkọ́kọ́. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ odindi tí o padà fi ránṣẹ́: “implicit declaration of function ‘strdup’”.

O ní kóòdù yìí kò yí padà, ó sì ṣiṣẹ́ lórí Debian 12. Òótọ́ lo sọ. GCC ló yí padà. GCC 12 ni Debian 12 ń lò, GCC 14 tó jáde ní 2024 ni Debian 13 ń lò. Láti 1999 ni òfin èdè C ti kọ̀ kí a pe fọ́ńṣọ̀n tí a kò kéde, ṣùgbọ́n GCC kàn ń kìlọ̀ lásán ni, gbogbo wa sì ń ka ìkìlọ̀ náà sí ariwo. GCC 14 wá sọ ọ́ di àṣìṣe, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá kéde strdup, ohun tí C àtijọ́ gbà ni pé nọ́ńbà int ni yóò dá padà, èyí tí ó jẹ́ bíìtì 32. Àdírẹ́sì mẹ́mórì ni strdup sì ń dá padà ní tòótọ́, bíìtì 64 lórí ẹ̀rọ rẹ. Ìdajì àdírẹ́sì á ṣègbé, ètò náà á sì wó lulẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò retí.

Ẹnìkan á sọ fún ọ pé kí o fi -fpermissive sí i. Á kọ́mpáìlì, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lò ó ló máa jìyà rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ló sọnù lórí fáìlì náà: #include <string.h>. Fi quilt ṣe é ní páàṣì sínú debian/patches, má fọwọ́ tún kóòdù oníkóòdù kọ, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ lè rí ohun tí o ṣe àti ìdí rẹ̀. Kí o sì fi páàṣì náà ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ètò.

Àwọn ìyókù kò le. “zlib.h: No such file or directory” ń sọ pé zlib1g-dev kò sí níbẹ̀, torí Debian ya fáìlì tí a fi ń kọ́mpáìlì sọ́tọ̀ sínú àwọn pákéèjì -dev, apt-file search á sọ èyí tó ni ín. Bí o bá rí “Killed” láìsí àlàyé, mẹ́mórì ló tán, wo dmesg. Bí pákéèjì bá dì lórí ẹ̀rọ tìrẹ tí kò dì lórí ti ẹlòmíràn, o gbàgbé nǹkan kan nínú Build-Depends ni. Sbuild, tó ń dì í nínú yàrá tó mọ́ tónítóní, á fi hàn ọ́. Ohun kan ṣoṣo ni kí o sì máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá yí mẹ́ta padà tó sì ṣiṣẹ́, o kò mọ èyí tó ṣe é.

Ẹni tó ń tẹ̀lé ohun kékeré ló gba ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹta 2024. Andres Freund, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe PostgreSQL, ṣàkíyèsí lórí Debian pé SSH ń pẹ́ tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò gbójú fò ó. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé inú xz, ètò tí a fi ń fún fáìlì pọ̀, ó sì rí i pé ẹnìkan ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pamọ́ sínú àtẹ̀jáde 5.6.0 àti 5.6.1. Ibi tí onítọ̀hún fi í pamọ́ sí gan-an ni kí o fetí sí: inú àwọn ìlànà tí a fi ń kọ́mpáìlì ni, ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá pákéèjì deb tàbí rpm la ń dì kó tó jí. Irú iṣẹ́ tí ìwọ ń kọ́ yìí náà ni. Kì í ṣe iṣẹ́ àwọn aláìmọ̀kan.

Ó ku ohun kan tí o kọ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, bí ẹni pé kò ṣe pàtàkì. O ní apt máa ń sọ nígbà mìíràn pé “Release file is not valid yet”, make náà sì ń kìlọ̀ pé “Clock skew detected. Your build may be incomplete.” O pè é ní ìṣòro méjì. Ọ̀kan ni. Tòkunbọ̀ ni láptọ́ọ̀pù yẹn, bátìrì kékeré tó ń tọ́jú aago inú pátákó rẹ̀ ti kú, nítorí náà gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ni ẹ̀rọ ń gbàgbé ọjọ́. Apt rò pé ọjọ́ ọ̀la ni wọ́n fọwọ́ sí àkójọ pákéèjì. Make ní tirẹ̀, ọjọ́ orí fáìlì ló fi ń mọ èyí tó yẹ kí òun tún kọ́mpáìlì, bí aago bá sì padà sẹ́yìn, ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe á dà bí ohun tó ti gbó. Tẹ date, tẹ sudo hwclock --show, o máa rí i fúnra rẹ.

Títí iná yín yóò fi dúró, máa lo sudo apt full-upgrade --download-only láti kó gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ ná, kí o wá fi wọ́n sínú ẹ̀rọ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá wà lórí tàbí tí o bá wà níbi tí wọ́n ní ẹ̀rọ ìnfẹ́tà. Bá mi kí màmá rẹ, sọ fún un pé mo gba ẹ̀gẹ́ tó fi ránṣẹ́. Kí o sì ní kí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tú ìdí láptọ́ọ̀pù náà lọ́la, kó wo irú bátìrì aago tó wà níbẹ̀. CR2032 ló sábà máa ń jẹ́. Rà á, kí o pààrọ̀ rẹ̀ kí o tó tún di pákéèjì kankan.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n màmá rẹ.