AWỌ TÍ Ń YA OÒGÙN KÚRÒ NÍNÚ OMI

Oògùn tí ènìyàn gbé mì kì í tán pátápátá nínú ara; apá kan a máa bá ìtọ̀ jáde, a sì bá omi ìdọ̀tí lọ sínú odò. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń ṣe oògùn ni ọ̀ràn náà gbé burú jù. Ní Patancheru, lẹ́bàá Hyderabad ní ilẹ̀ Íńdíà, nǹkan bí 90 ilé iṣẹ́ oògùn ni wọ́n ń kó omi wọn lọ sí ibì kan náà fún fífọ̀ nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 2007 wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde: nínú lítà kan omi tí a ti fọ̀ tán, ciprofloxacin tí wọ́n bá tó 31 mílígíráàmù nígbà tí ó pọ̀ jù. Èyí ju iye tí ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tí ó ń lo oògùn náà lọ. Kòkòrò àrùn tí ó bá gbé inú irú omi bẹ́ẹ̀ tí kò kú, àfàìmọ̀ ni kí ó má di èyí tí oògùn náà kò lè pa mọ́.

Asẹ́ lásán kò wúlò níhìn-ín. Ìyá tí ń sẹ́ ògì mọ̀ pé èérí ni asẹ́ ń dá dúró. Bí ó bá bu iyọ̀ sí i, iyọ̀ yóò bá omi kọjá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni oògùn tí ó ti yọ́ sínú omi rí. Síse omi pàápàá, tí í pa kòkòrò, kì í sábà mú oògùn kúrò.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Sidney Loeb àti Srinivasa Sourirajan, ní Yunifásítì California ní ìlú Los Angeles, ṣe awọ fẹ́lẹ́ kan tí ń jẹ́ kí omi kọjá, tí ó sì ń dá iyọ̀ dúró. Láti ara iṣẹ́ wọn ni irú awọ tí a ń lò lónìí ti wá. Ihò irú kan nínú wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí ìpín kan ni ìbú rẹ̀. Omi kì í fúnra rẹ̀ gba ibẹ̀. Ẹ̀rọ ni a fi ń tì í kọjá tipátipá. Kì í sì í ṣe ihò nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ awọ wọ̀nyí ní agbára mànàmáná lára. Diclofenac, oògùn ara ríro, ní irú kan náà nínú omi. Nítorí náà awọ a máa tì í sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí orí irin òòfà méjì tí ó jọra ti ń ti ara wọn. Oògùn kékeré tí kò ní agbára yìí a máa rí àyè kọjá díẹ̀.

Ní Orange County ní California, láti ọdún 2008, a ń ti omi ìdọ̀tí tí a ti fọ̀ gba inú irú awọ bẹ́ẹ̀, a sì ń fi ìmọ́lẹ̀ ultraviolet bá ohun tí ó bá yọ́ kọjá jà, kí a tó dà á padà sínú ilẹ̀ tí a ti ń fa omi mímu. Ṣùgbọ́n kí olùkàwé kíyèsí i: awọ kì í pa oògùn, yíyà ni ó ń yà á sọ́tọ̀. Nínú 100 gálọ́ọ̀nù omi tí a tì sí i níbẹ̀, nǹkan bí 85 a kọjá. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí awọ dá dúró a sì kó jọ sínú 15 tí ó kù. Òkun ni wọ́n ń da ìyẹn sí. Ìlú tí kò ní ju odò kékeré lọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀; yóò ní láti fi afẹ́fẹ́ ozone fọ́ oògùn inú ìyókù omi náà, tàbí kí ó jẹ́ kí èédú fà á mọ́ra, kí ó sì sun èédú náà.