Àròkọ Oníròyìn: Ikú Abíọ́lá àti Kudirat Aya Rẹ̀

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà, 1996, wọ́n yìnbọn pa Kudirat ní Èkó. Àtìmọ́lé ni ọkọ rẹ̀, M.K.O. Abíọ́lá, ọmọ Gbágùrá ní Abẹ́òkúta, wà nígbà náà. Nígbà tí Abacha kú ní oṣù Kẹfà, 1998, gbogbo ènìyàn ń retí ìdásílẹ̀ Abíọ́lá. Kò tíì pé oṣù kan tí òun náà fi kú lójijì ní Àbújá, ní ọjọ́ keje oṣù Keje. Èkó dàrú, àwọn ọ̀dọ́ ń dáná sí títì. Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta kò gbẹ́yìn. Àwọn dókítà tí wọ́n yẹ òkú náà wò ní àrùn ọkàn ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà.

Àkíyèsí: Ìrètí ni a kọ́kọ́ kọ, kì í ṣe ẹkún, nítorí ìrètí tí ó já sí òfo ni ó sọ ọ̀fọ̀ di ìbínú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kàn kọ pé omijé bọ́ lójú gbogbo ènìyàn kò tíì sọ ìdí rẹ̀.