Afárá Tí Ń Yà Lọ́nà fún Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹni tí ó bá wọ mọ́tò ní Kútọ̀, tí ó ń lọ sí ọjà Láfẹ́nwá, kò lè ṣàì gba orí odò Ògùn kọjá. Afárá tí yóò gbé e kọjá dúró gbọn-in sí ojú kan, kò sì sí ẹni tí ń retí pé kí ó mira. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ọkọ̀ tí àwọn baba wa ń tù lórí odò Ògùn jẹ́ ọkọ̀ onígi tí a fi àjẹ̀ tàbí ọ̀pá tì. Kò ní òpó gíga tí ó lè kọlu afárá. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń ru ẹrù láti Èkó gòkè wá sí èbúté Arò, kí ojú irin tó dé Abẹ́òkúta ní òpin àwọn ọdún 1890.

Ìlú tí odò rẹ̀ jìn, tí ọkọ̀ ńlá sì ń wọ̀, kò ní irú ìrọ̀rùn yìí. Bí a bá ṣe afárá rẹ̀ ní rírẹlẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kò ní lè kọjá. Bí a bá sì gbé e ga tó òpó ọkọ̀, owó tí yóò gbà yóò pọ̀ jọjọ, ẹlẹ́rù yóò sì máa gun òkè kí ó tó dé òdìkejì. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ afárá wá rí ọ̀nà kẹta, èyí ni pé kí afárá fúnra rẹ̀ máa yà lọ́nà.

Ọ̀kan tí ó lókìkí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà ní Saint-Louis, ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl. Orí erékùṣù láàárín odò ni ìlú náà wà, àwọn onílẹ̀ sì ń pè é ní Ndar. Ní 1659 ni àwọn Faransé tẹ̀dó síbẹ̀. Ní 1865, nígbà Gómìnà Faidherbe, a ṣe afárá kan tí ó léfòó lórí omi láti fi kan ilẹ̀ ńlá. Ní 1885, ojú irin láti Dakar dé, ṣùgbọ́n ìhà kejì odò, ní Sor, ni ó dúró sí. Gbogbo èrò àti ẹrù tí ó ń lọ sí ìlú ní láti gba orí afárá tí ń mì náà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti ń gbó.

Ilé iṣẹ́ Nouguier, Kessler ti ilẹ̀ Faransé ni ó ṣe afárá irin tuntun, a sì ṣí i ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1897. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 507 mítà, bí ẹni to pápá bọ́ọ̀lù márùn-ún tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé Eiffel tí ó kọ́ ilé gogoro irin ní Paris ni ó ṣe é. Àwọn mìíràn ní odò Danube ní Yúróòpù ni a rọ ọ́ fún, tí ó fi ṣìnà dé Áfíríkà. Ìtàn méjèèjì dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí òtítọ́ nínú wọn. Orúkọ Faidherbe ni a fi pe afárá náà. Jagunjagun tí ó fi ogun gba ilẹ̀ ni gómìnà yìí, a sì ti gbé ère rẹ̀ kúrò ní gbangba ìlú ní 2020, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò tíì kúrò lára afárá.

Apá kan nínú afárá yìí ni ó ń yí. Ẹ wo káfíńtà tí ó ru pákó gígùn: àárín pákó ni yóò gbé lé orí, kí iwájú àti ẹ̀yìn lè wúwo bákan náà. Bí ó bá yí ara padà, pákó yóò bá a yí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti afárá. A gbé apá irin náà lé orí òpó líle kan nínú odò, a sì fi àgbá irin kéékèèké sábẹ́ rẹ̀ kí ó lè máa yọ̀. Bí ìhà kan bá gùn ju èkejì lọ, a óò di ẹrù wúwo mọ́ ìhà kúkúrú. Bí ìwọ̀n bá ti dọ́gba, agbára díẹ̀ ni ó tó láti yí i. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi bá ń bọ̀, a óò dá àwọn tí ó wà lórí ilẹ̀ dúró, a óò tú ìdè tí ó so apá náà mọ́ ìyókù, a óò sì yí i títí yóò fi dojú kọ ibi tí odò ń ṣàn sí. Ọkọ̀ yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ọ̀tá irú afárá bẹ́ẹ̀ ni ìpáàrà, pàápàá ní ìtòsí òkun. Nígbà tí yóò fi pé ọgọ́rùn-ún ọdún, irin Faidherbe ti jẹ débi pé ó di ewu fún mọ́tò. Láti 2008 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn apá rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a ń fi tuntun tí ó jọ wọ́n rọ́pò, iṣẹ́ náà sì parí ní nǹkan bí 2011. Ì bá rọrùn láti so apá tí ń yí náà pa títí láé. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ńlá kan kì bá tí lè ti òkun gòkè lọ sí Podor mọ́. A tún un ṣe, ó ń yí, ọkọ̀ Bou El Mogdad tí ń kó àlejò sì ń gba ibẹ̀ kọjá.

Irú kejì ni èyí tí àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀, Tower Bridge, tí a ṣí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1894. Èyí kì í yí. Ó ń là sí méjì, ìdajì kọ̀ọ̀kan a sì gbéra sókè bí ìdérí àpótí. Ẹrù wúwo wà ní ìdí ìdajì kọ̀ọ̀kan tí ń fà á nílẹ̀ bí orí rẹ̀ ti ń ròkè. Ní oṣù kejìlá ọdún 1952, ilẹ̀ afárá bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra nígbà tí bọ́ọ̀sì kan ṣì wà lórí rẹ̀. Awakọ̀ rí i pé kò sí àyè láti dúró; ó tẹ iná sí i, bọ́ọ̀sì fò sọdá sí ìdajì kejì, kò sì sí èrò tí ó kú. Pọ́n-ùn mẹ́wàá ni a fi ta á lọ́rẹ.

Títí di òní, ọkọ̀ ojú omi ni ó ni ọ̀nà níbẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ tí ó bá ti fi wákàtí mẹ́rìnlélógún sọ ṣáájú kò ní san kọ́bọ̀. Àwọn tí ó wà nínú mọ́tò ni yóò dúró dè é.