Bí Oorun Bá Kọ̀: Omi Lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu

Ìyà ńlá ni kí gbogbo ilé máa hanrun, kí ojú ẹnì kan ṣoṣo sì là sílẹ̀ títí àkùkọ yóò fi kọ. Bí èyí bá ń ṣe ènìyàn ní òru mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, àìsàn ni àwọn dókítà kà á sí. Ẹ má tìtorí rẹ̀ sáré lọ ra oògùn oorun lọ́wọ́ oníkiri, nítorí pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè di bárakú síni lára. Ohun méjì wà tí a lè lò pọ̀.

Èkíní ni omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Kí oorun tó dé, inú ara a máa tutù díẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ooru náà sì ń gbà jáde. Omi tí ó gbóná níwọ̀n a máa fa ẹ̀jẹ̀ wá sí awọ ara, ooru inú a sì rí ọ̀nà jáde. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Texas ní Austin, ní Amẹ́ríkà, kó ìwádìí púpọ̀ jọ. Wọ́n rí i pé bí a bá wẹ omi tí ooru rẹ̀ tó 40 sí 42.5 ní ìwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú 10, ní wákàtí kan tàbí méjì kí a tó sùn, oorun a máa tètè dé. A sì lè ki ẹsẹ̀ nìkan bọ inú bàsíà omi. Ẹ kọ́kọ́ fi ìgbúnwọ́ tọ́ omi náà wò. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ kú kò gbọdọ̀ dán an wò láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà.

Ṣùgbọ́n omi kò lè wẹ àníyàn kúrò lọ́kàn. Ìdí nìyí tí ìtọ́jú tí a ń fi ọ̀rọ̀ ṣe fi jẹ́ èkejì, òun gan-an ni ó sì lágbára jù. Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ àwọn dókítà American College of Physicians sọ pé òun ni kí a kọ́kọ́ fi tọ́jú àgbàlagbà tí àìróorunsùn rẹ̀ ti pẹ́. Kì í ṣe ìtàkùrọ̀sọ lásán. Bí aláìsàn bá ní, “Bí n kò bá sùn lónìí, iṣẹ́ ọ̀la ti bàjẹ́,” ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ náà yóò bi í pé, “Ìgbà mélòó ni o kò sùn tó, tí o sì ṣe iṣẹ́ náà yọrí?” Yóò kọ́ ọ kí ó máa jí ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Bí oorun kò bá sì dé lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kí ó dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ó jókòó jẹ́ẹ́ níbòmíràn títí oorun yóò fi kùn ún. Ẹni tí ó bá ń bá oorun jà lórí ibùsùn ń sọ ibùsùn rẹ̀ di ojú ìjà.

Nítorí náà, ẹ wẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Kí ẹ tó lọ sùn ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, ẹ kọ ohun tí ń dà yín láàmú sínú ìwé, tàbí kí ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí ẹ fọkàn tán, kí ó má bàa bá yín dé orí ìrọ̀rí. Bí ìbànújẹ́ bá wọra, tàbí bí wọ́n bá sọ fún yín pé èémí yín ń dá dúró bí ẹ ti ń hanrun, ẹ má fi falẹ̀, ẹ lọ rí dókítà.