Èéfín Ààtàn Ọjà: Níbo Ló Ń Lọ?

 

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí èéfín. Àwọn kan láàárín wa ń sọ pé tá a bá ti ṣáná sí ààtàn, ìdọ̀tí tán nìyẹn. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Ìdọ̀tí ò tán, ó kàn gba òkè lọ ni.

Ẹ wo ewé pákí lóko. Ihò tíntìntín tí ojú ò lè rí wà lára rẹ̀. Bí oòrùn bá ti yọ, ihò wọ̀nyí á máa fa gáàsì tí wọ́n ń pè ní kábọ̀n-dáyọ́ksáídì wọlé, èyí tí àwa náà ń mí síta. Gáàsì yìí àti omi tí gbòǹgbò fà ni ewé ń fi agbára oòrùn sọ di oúnjẹ. Ibẹ̀ ni pákí ti ń ta, ibẹ̀ ni igi ti ń sanra. Ewé á wá tú ọ́síjìn tí à ń mí sínú jáde, pẹ̀lú ooru omi tó ń gòkè lọ di òjò. Iṣẹ́ tí igbó ọba Omo, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, ń ṣe fún wa lójoojúmọ́ nìyẹn. Àjọ UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ àwọn igbó pàtàkì àgbáyé láti 1977.

Tá a bá wá dáná sun igi àti èèpo, gáàsì tí wọ́n ti fà pamọ́ á padà sókè. Ti èèpo ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ dáa, nítorí pákí ọdún tó ń bọ̀ á tún fà á. Igbó tá a gé tí kò hù mọ́, àti epo tí ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ ń jó, ni kò rí ẹni gbà á padà. Láyé ìgbà tí ẹ̀rọ ò tíì pọ̀, nínú ìpín 10,000 afẹ́fẹ́, kábọ̀n-dáyọ́ksáídì ò pé 3. Ó ti lé ní 4 báyìí. Ẹ má wò ó pé ó kéré, bí aṣọ ìbora ló ṣe ń há ooru mọ́ ayé.

Èéfín pàápàá kì í dúró lójú kan. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje 2016, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ (kì í ṣe Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tiwa o), ní Kumasi ní Gánà, àti ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ọkọ̀ òfuurufú sì ń gbéra láti Lomé. Wọ́n rí i pé lára èéfín tó wà lókè wa, iná igbó ní àárín gbùngbùn àti gúúsù Áfíríkà ló ti wá, tí atẹ́gùn gbé e gba orí òkun dé ọ̀dọ̀ wa. Bí èyí bá lè rin irú ìrìn yẹn, ti ààtàn wa ńkọ́, tó wà nídìí àtẹ, tí ọmọ wà lẹ́yìn wa? Májèlé wà nínú èéfín ọ̀rá.

Ṣùgbọ́n kíkó o jọ gègèrè kó máa jẹrà náà ò dáa. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún tí atẹ́gùn ò dé á máa tú mẹ́téènì jáde. Láàárín 100 ọdún, agbára gáàsì yìí láti mú ayé gbóná lé ní ìlọ́po 25 ti kábọ̀n-dáyọ́ksáídì.

Láti ìdí àtẹ kálukú, ọ̀rá lọ́tọ̀, èèpo àti ewé lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ní àyè lẹ́yìn ilé, kó da ewé àti èèpo mọ́ yẹ̀pẹ̀, kó máa fi ṣọ́bìrì yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Á di ilẹ̀dú fún ẹ̀fọ́. Ní ti èèpo pákí, àwọn tó ń sin ewúrẹ́ á gbà á, àmọ́ ẹ sá a kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó fún wọn, torí májèlé wà nínú èyí tó tutù.