Kílọ́ọ̀ṣì Ọkọ̀: Bí Ó Ti Ń Ṣiṣẹ́ àti Bí A Ti Í Mú Un Bá Ìwọ̀n

Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ké kíkankíkan ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ náà ń falẹ̀, ọ̀pọ̀ èrò a máa rò pé ẹ́ńjìnì ni kò lágbára mọ́. Nígbà púpọ̀, kílọ́ọ̀ṣì ni ó ní àbùkù. Owó kékeré kọ́ ni onímọ́tò yóò ná kí a tó tú àpótí jíà sílẹ̀ láti pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò ìṣẹ́jú díẹ̀ ìbá ti lè dáàbò bò ó.

Alárinà ni kílọ́ọ̀ṣì jẹ́ láàrin ẹ́ńjìnì àti jíà. Ẹ́ńjìnì kò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá máa yí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lè dúró nígbà tí ẹ́ńjìnì ń yí lọ́wọ́. Ní ìdí ẹ́ńjìnì ni irin wúwo kan tí ó rí róbótó wà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fúláwíìlì. Awo pẹlẹbẹ kan tí ó so mọ́ ọ̀pá jíà fara tì í, a sì fi ìbòrí líle tí kì í yọ̀ bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Irin mìíràn wà lẹ́yìn awo yìí, tí síríǹgì alágbára fi ń fún un mọ́ fúláwíìlì. Bí ènìyàn bá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì fún síléètì mọ́ra, ibi tí ọwọ́ bá yí sí ni síléètì yóò yí sí; bí ó bá dẹ ọwọ́, síléètì kò ní bá a yí mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kílọ́ọ̀ṣì rí.

Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ pẹ́dà, irin amúga kan a ti béárìn lu síríǹgì, síríǹgì a sì dẹ ọwọ́ lára awo. Nígbà náà ni a lè pa jíà dà. Bí ó bá ń gbé ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, awo yóò máa dì mú díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ yóò sì gbéra láìta pọ́ún.

Ohun tí ó yẹ kí gbogbo awakọ̀ mọ̀ nìyí: ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ń lo wáyà tàbí ọ̀pá irin, béárìn kò gbọdọ̀ kan síríǹgì nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí pẹ́dà. Nítorí náà ni pẹ́dà fi ní àyè díẹ̀ lókè, níbi tí ó ti ń lọ wọ́ọ́rọ́ kí ó tó le. Àyè yìí sábà máa ń tó mìlímítà 20 sí 25, èyíinì ni nǹkan bí íǹṣì kan. Bí ìbòrí awo ti ń jẹ ni àyè náà ń dín kù. Bí ó bá tán, ṣe ni ó dà bí ẹni pé ẹsẹ̀ wà lórí pẹ́dà ní gbogbo ìgbà: awo yóò máa yọ̀, yóò gbóná, òórùn jíjó yóò sì máa jáde. Awakọ̀ tí ó ń gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà bí ó ti ń lọ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìjàǹbá kan náà. Ṣùgbọ́n bí àyè bá pọ̀ jù, awo kò ní tú sílẹ̀ tán, jíà yóò sì máa ké bí a bá fẹ́ pa á dà.

Láti mú un bá ìwọ̀n, kí a gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú, kí a pa ẹ́ńjìnì, kí a fa bíréèkì ọwọ́, kí a sì fi igi dènà táyà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Kí a fi ọwọ́ tẹ pẹ́dà títí yóò fi le, kí a sì fi rúlà wọn àyè rẹ̀. Ní ìdí wáyà tàbí ọ̀pá náà, nọ́ọ̀tì méjì ni a sábà máa ń rí: ọ̀kan ń ṣe ìwọ̀n, èkejì ń tì í kí ó má bàa tú. Kí a dẹ èyí tí ó ń tì í, kí a yí ti ìwọ̀n ní ìdajì ìdajì, kí a sì máa wọn àyè náà lẹ́yìn yíyí kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá pé, kí a fún nọ́ọ̀tì kejì padà, kí a tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà, kí a tan ẹ́ńjìnì, kí a tẹ pẹ́dà dé ilẹ̀, kí a dúró díẹ̀, kí a sì fi í sí jíà ẹ̀yìn. Kò yẹ kí ó ké.

Bí awo bá ṣì ń yọ̀ lẹ́yìn èyí, ìbòrí rẹ̀ ti jẹ tán tàbí òróró ti kàn án. Nọ́ọ̀tì kò lè wo ìyẹn sàn, mẹkáníìkì ni kí a pè. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ń fi òróró ṣiṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì kò ní nọ́ọ̀tì yìí. Ìwọ̀n òróró inú agolo wọn ni kí a máa yẹ̀ wò. Ìwé ìtọ́ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ ìwọ̀n tirẹ̀ gan-an.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni í máa gbà. Awakọ̀ tí ó bá ń wọn íǹṣì kan yìí lóòrèkóòrè yóò dá owó rẹ̀ sí, àwọn èrò tí ó gbé yóò sì gòkè láìséwu.